Àpáàdì tí a fi tẹ́ Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tí ó bá ti gbé ilé amọ̀ rí mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni ọ̀tá àgbàlá. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí yóò di kòtò. Ènìyàn àti ewúrẹ́ yóò pò ó mọ́lẹ̀, wọn yóò sì gbé e wọ inú yàrá. Lóde òní, àwọn olówó tí wọ́n gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí àgbàlá a máa tẹ́ koríko rọ́bà yí i ká, kí ẹsẹ̀ tútù má baà kó amọ̀ wọlé. Ní Amẹ́ríkà ni irú koríko bẹ́ẹ̀ ti lókìkí, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí pápá ìṣeré ńlá kan ní ìlú Houston ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbà náà ni ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò tẹ́ sí ibi tí omi ń dà sí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ti rí ọ̀nà rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400. Ohun tí ẹlòmíràn ń kó dànù ni wọ́n sì lò: àpáàdì.

Àpáàdì ni ó máa ń kù nígbà tí ìkòkò amọ̀ bá fọ́. Òun ni a fi ń gba ẹ̀yinná lọ́wọ́ aládùúgbò, tí àwọn àgbà fi ń wí pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Àwọn ará Ifẹ̀ kò dà á sílẹ̀ lásán, wọn kò sì tẹ́ ẹ ní ìdùbúlẹ̀, nítorí pé àpáàdì tí ó dùbúlẹ̀ yóò là lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mú ilẹ̀ tẹ́jú, wọ́n lù ú kí ó le; lẹ́yìn náà ni wọ́n to àpáàdì lóòró, ọ̀kan ti èkejì gbágbágbá, tí ó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni ó hàn lókè. Òmíràn wà ní ìlà gbọọrọ, òmíràn rí bí eegun ẹja, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ dárà sí òmíràn. Ẹ wo bí etí àpáàdì kan ti tín-ín-rín tó, kí ẹ wá ro iye ìkòkò tí yóò fọ́ kí àgbàlá kan tó kún. Ìlú tí ó ní àpáàdì tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú kékeré.

Àwọn awalẹ̀pìtàn rò pé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ inú agbo ilé tí yàrá yí àgbàlá ká, tí òrùlé dà sí àárín, tí òjò sì ń rọ̀ síbẹ̀. Ní àárín àgbàlá mìíràn, wọ́n ri ìkòkò mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ta nǹkan sílẹ̀ sí fún àwọn òrìṣà. Nítorí náà, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìmọ́tótó nìkan. Ti ìsìn ni pẹ̀lú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé obìnrin kan jẹ Ọọ̀ni, Lúwo ni orúkọ rẹ̀. Afínjú ọba ni, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní òun ni ó pàṣẹ kí a fi àpáàdì àti òkúta tẹ́ òpópónà, àwọn arúfin ni ó sì kó sí iṣẹ́ náà. Ọdún 300 pọ̀ ju ìgbà ayé ọba kan lọ, nítorí náà kò lè jẹ́ pé Lúwo nìkan ni ó tẹ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò ṣìnà lórí ohun kan: òpópónà kì í tẹ́ ara rẹ̀, àṣẹ àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni í tẹ́ ẹ.

Báwo ni a ti ṣe mọ nǹkan wọ̀nyí? Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó kan ère idẹ. Frank Willett wá wa ibẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ àpáàdì. Ní ọdún 1969, Ekpo Eyo wa ti Láfogído. Ní ọdún 1971 àti 1972, Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbalára. Ilẹ̀ àpáàdì ni ó fi ibi tí ère kọ̀ọ̀kan jókòó sí hàn wọ́n, àti bí ilé ti rí nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ère ṣeé gbé lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilẹ̀ kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Ifẹ̀ ń gbòòrò, a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, a ń gbẹ́ ṣáláńgá. Ọkọ́ ọ̀sán kan ṣoṣo tó láti fọ́ ohun tí ó ti wà fún ọdún 700. Òfin tí ó dá Àjọ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1979 sọ pé kí ẹni tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó wọn létí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí òjò bá wọ́ ilẹ̀ lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ẹ rí àpáàdì tí ó dúró lóòró ní ìlà, ẹ má ṣe yọ ọ́ ṣeré. Ẹ pe olùkọ́ yín wá wò ó. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń kọ́lé, bí ọkọ́ bá ró wọnran lórí rẹ̀, ẹ ní kí lébìrà dúró ná, kí ẹ ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nítòsí ààfin. Ilé yóò ṣeé kọ́ lọ́la. Ilẹ̀ tí àwọn baba yín tẹ́, bí a bá ti tú u, kò sí ẹni tí yóò lè tò ó padà.