Ìrìn àjò sí Abomey-Calavi àti Ouidah



Ṣé ẹ mọ ibi tí omi odò Ouémé wa ń lọ? Ó ń ṣàn lọ sí gúúsù títí yóò fi wọ inú ọ̀sà Nokoué, kí ó tó dé òkun. Lẹ́bàá ọ̀sà náà ni ìlú Abomey-Calavi wà. Ibẹ̀ ni yunifásítì àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa wà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdún 2001 ni wọ́n tó dá ti Parakou sílẹ̀.

Bí ẹ bá lọ kí ọmọ yín ní Calavi, ẹ dé etí ọ̀sà, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, láàárín omi. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀? Àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ouidah. Ọba Dàhómì gba ìlú náà ní ọdún 1727. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú fún àwọn òyìnbó. Ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn lọ sí òkun tó kìlómítà 4. Ní òpin rẹ̀, wọ́n kọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ní ọdún 1995.

Àwọn Nàgó wà lára wọn. Ní ọdún 1860, ọmọ ogun Dàhómì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kossola. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé apá Bantè ni ó ti wá. Ọkọ̀ Clotilda kó òun àti àwọn mìíràn, bí 110, lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1865, wọn kò ní owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi padà wálé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ abúlé tiwọn dó. Kossola kú ní ọdún 1935, kò fojú kan ilé mọ́.

Ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí a kò kọ tiwọn sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ, orúkọ wọn sì ti nù.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ní ìtàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀nà òkun tí àwọn ará wa gbà láìpadà, àwọn ọmọ wa ń gbà á lónìí, wọ́n sì ń mú ìwé bọ̀ wálé.