Ìwé Àtijọ́ Tó Mọ Orúkọ Bàbá Ńlá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gidigidi. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, àpótí ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá yín, ẹrù lásán ni lójú yín. Lónìí, ẹ lè ṣí i, kí ẹ sì kà á. Kí ni ẹ ó rí níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan kú ní abúlé kan nítòsí Sakété, ó sì fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti òdìkejì ààlà, láti ìhà Ìláròó. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé ni òun, ó ní bàbá òun ní ìpín nínú ilẹ̀ náà. Orúkọ ìdílé tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni Shola. Èyí tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ olóògbé ni Chola. Àwọn ọmọ ní, "Ìwọ kì í ṣe ara wa, orúkọ wa kò bára mu." Ìjà fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ méjèèjì náà dáadáa, kí ẹ pè wọ́n sókè. Ṣé orúkọ méjì ni? Rárá o. Orúkọ kan ṣoṣo ni: Ṣọlá. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Báwo lèyí ṣe ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Sakété, Pobè àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìláròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà náà la ìlú Ìlárá pàápàá já. Wọn kò bi ìdílé kankan léèrè. Láti ìgbà náà, akọ̀wé ìhà ìhín ń kọ orúkọ wa bí Faransé ṣe ń kọ̀wé, ti ìhà ọ̀hún ń kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì. Òjò di Odjo níhìn-ín, ó di Ojo lọ́hùn-ún. Ògún di Ogoun, ó sì di Ogun. Ajíbádé di Adjibadé, ó sì di Ajibade. Ẹni tó bá ń wá ìdílé rẹ̀ nínú ìwé, kó má ṣe wá ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo. Ohùn orúkọ náà ni kó máa gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ré ààlà náà kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó ọ̀dọ́ lọ sógun lábẹ́ Faransé lé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ sí ìhà Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ nílé yín pé àbúrò bàbá ńlá yín "sọnù", ó lè jẹ́ pé kò sọnù rárá. Ó lè ní ọmọ àti ọmọ ọmọ ní ìrìn ọjọ́ kan sí ibi tí ẹ jókòó sí.

Báwo ni a ó ṣe wá a? Àwọn àgbà ni ìwé àkọ́kọ́. Kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì kankan, ẹ mú ìwé àti bíírò, kí ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé. Ẹ béèrè pé: Ta ni bàbá bàbá wa? Ìlú wo ló ti wá? Kí ni oríkì orílẹ̀ wa? Kí ni a kì í jẹ? Ta ló ré ààlà kọjá, ibo ló sì sọ̀ sí? Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá àgbà, nítorí àwọn ni wọ́n ń ki ọmọ láràárọ̀. Akọ̀wé lè ṣi orúkọ kọ, ṣùgbọ́n oríkì àti èèwọ̀ kì í tètè yí padà.

Lẹ́yìn náà, ìwé ìjọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tó bá rì bọmi, ẹni tó bá so pọ̀ ní ìgbéyàwó, àti ẹni tó bá sin. Ìgbà tó di 1837 ni ìjọba wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́lá nìkan ló wà nínú ìwé ìjọ wọ̀nyí. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, darandaran wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ àgbẹ̀ lásán ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì fi lè ka orúkọ àwọn bàbá rẹ̀ sẹ́yìn fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ Kátólíìkì náà fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ ní 1563. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì wọn dé Ouidah ní 1861, wọ́n mú àṣà náà wá. Nínú ìwé ìrìbọmi, ẹ ó rí orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti ti òbí ìsàmì. Ẹ wo etí ojú ìwé náà pẹ̀lú. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó sì gbéyàwó nínú ìjọ, kódà ní ìlú mìíràn, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí etí ibẹ̀. Etí ìwé yẹn ti fi ọ̀nà ibi tí ènìyàn lọ han ọ̀pọ̀ ìdílé. Àlùfáà Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, tó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ láti inú ọmọ Dahomey ní 1928, kò fi ti ìwé ìjọ nìkan ṣe. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó sì kọ ìtàn Kétu sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ńkọ́? Àwọn oníṣẹ̀ṣe ńkọ́? Ìwé ìjọ kò mọ̀ wọ́n. Fún wọn, ẹ wo ìwé ilé ẹ̀kọ́, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé ológun àwọn tó ja ogun Faransé, ìwé ìbí ní mẹ́rì, àti ìwé ilé ẹjọ́ tí à ń pè ní jugement supplétif. Àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè ní Porto-Novo. Ti ìhà Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ìbàdàn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ìkíní ni ọjọ́ orí. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ àgbà wa, "né vers" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Akọ̀wé wo ojú, ó sì fojú díwọ̀n. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ tún un wò: Ṣé wọ́n ti bí i kí àrùn ńlá 1918 tó dé? Ṣé ó ti ń rìn nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án ní 20 oṣù karùn-ún 1947? Ṣé ó ti gbéyàwó nígbà òmìnira ní 1960?

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Lọ́dọ̀ tiwa, àbúrò bàbá, bàbá ni. Ọmọ àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni. Akọ̀wé béèrè pé, "Ta ni bàbá rẹ?" Ọmọ náà dárúkọ ẹni tó ń tọ́ ọ, akọ̀wé sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gba ìwé kan gbọ́ títí ẹ ó fi rí ìkejì tàbí ẹnu àgbà tó tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Sakété. Ká ní àwọn ọmọ olóògbé fi ìjà sílẹ̀, wọ́n sì lọ bá ìyá àgbà. Ìyá ki oríkì. Àlejò náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó kì í parí, nítorí bàbá rẹ̀ a máa kì í fún un. Wọ́n lọ sí ìjọ tí wọ́n ti ri olóògbé bọmi ní kékeré. Wọ́n bá orúkọ òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá kan náà, ìyá kan náà. Ìwé náà kò pín oko o. Ìdílé, àti ilé ẹjọ́ bí ó bá di dandan, ni yóò ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè pe àlejò náà ní òpùrọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Ẹ jẹ́ kí á wo méjèèjì. Ní 2017 àti 2018, ìjọba ka àwọn ará ìlú nínú ètò RAVIP, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì wá rí i nígbà náà pé àwọn kò ní ìwé ìbí. Ọmọ tí kò ní i ń rí ìyọnu bí ìdánwò CEP bá dé. Bí ẹ bá bímọ, ẹ tètè lọ kọ orúkọ rẹ̀. Kí akọ̀wé tó ti ìwé rẹ̀ pa, ẹ ka ohun tó kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀wé kà báyìí. Kó má di pé àwọn ọmọ ọmọ yín yóò máa jà lọ́la nítorí Chola àti Shola.

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí yẹn. Ẹ mú bíírò, kí ẹ bi àgbà kan ní ìbéèrè kan. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ó dìgbà kan ná o.