Ìkówọlé ìbọn ìṣeré sí Nàìjíríà

Ìkówọlé ìbọn ìṣeré sí Nàìjíríà ni kíkó àwọn ohun ìṣeré tí a ṣe ní àwòrán ìbọn láti ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá jù lọ láti Ṣáínà, wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fún títà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò dárúkọ ìbọn ìṣeré rárá. Síbẹ̀, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè há sí èbúté, Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e, nítorí pé bí ohun ìṣeré náà bá ṣe jọ ìbọn gidi tó ni yóò ṣe ṣòro tó láti fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn jù, torí pé owó tí wọ́n fi ra páálí díẹ̀ lè jẹ́ gbogbo owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Orúkọ àti irú

Ìbọn ìṣeré àti ìbọn ọmọdé ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ìbọn oníke, nítorí ohun tí a fi ṣe é. Orúkọ kẹta yìí lè ṣini lọ́nà: a ń fi irin rọ àwọn ìbọn ìṣeré kan, bẹ́ẹ̀ ni apá kan lára ìbọn gidi bíi Glock jẹ́ ike.

Àwọn kan lára ohun ìṣeré wọ̀nyí kì í yin ohunkóhun; iná àti ariwo nìkan ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan ń tu omi, àwọn kan ń yin ọta fọ́ọ̀mù rírọ̀. Èyí tí ó ń fa àríyànjiyàn jù ni irú tí a ń pè ní airsoft, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní àwọn ọdún 1970. Ó ń fi sípíríǹgì, gáàsì tàbí bátìrì yin ọta ike róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, àwọn tí ń ṣe é a sì máa tọ́jú ìwọ̀n, àwọ̀ àti ìwúwo rẹ̀ kí ó lè bá ti ìbọn gidi mu. Ìbọn apariwo, èyí tí ó ń dún láìyọ ọta, kì í ṣe ohun ìṣeré rárá, bí àwọn kan tilẹ̀ ń tà á pọ̀ mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọlọ́pàá ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí àwọn ọ̀daràn ti tún ẹnu rẹ̀ lu kí ó lè yin ọta gidi.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin Ìbọn ti 1959, tí ó wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2004 ní abẹ́ àmì F28, pe ìbọn ní ohun ìjà èyíkéyìí tí ó ní ọ̀pá ìbọn, tí ó lè pa ènìyàn, tí a sì lè fi yin ọta tàbí ohun mìíràn jáde. Lẹ́yìn èyí ni ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni ti ìbọn eléèwọ̀: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ní wọn láìgba àṣẹ Ààrẹ, ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó bá sì rú òfin yìí kò ní dín ní ọdún 10. Ìsọ̀rí kejì ni ti ìbọn àdáni, bíi ìbọn ọdẹ tòde òní, tí a nílò ìwé àṣẹ fún. Ìsọ̀rí kẹta ni ti ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu.

Tí a bá wo ìtumọ̀ yẹn nìkan, ìbọn tí ń tan iná tàbí tí ń tu omi kò lè kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà, nítorí kò lè pa ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni ìsọ̀rí kejì. Òfin dárúkọ ìbọn afẹ́fẹ́ níbẹ̀, gígùn rẹ̀ àti ìléwọ́ rẹ̀, kò sì wí bí agbára afẹ́fẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tí ó bá ṣí páálí, tí ó bá ìbọn airsoft onígáàsì níbẹ̀, lè kà á sí ìbọn afẹ́fẹ́; ẹni tí ó ni ẹrù lè wí pé ohun ìṣeré ni. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè gbé ara lé nínú òfin.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ìsọ̀rí kẹta mẹ́nu kan ohun tí àwọn tí ó kọ òfin náà pè ní cap gun. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn olùsọ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìbọn ọmọdé tí ń fọ́n etù díẹ̀ tí ó sì ń dún pàáà. Kì í ṣe òun ni òfin ní lọ́kàn. Ìbọn àtijọ́ tí a ń ki láti ẹnu, tí fìlà irin kékeré sì ń tàn, ni òfin ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá ka òfin náà láìmọ ìyàtọ̀ yìí yóò rò pé ìjọba ti fi òfin de ohun ìṣeré láti 1959.

Yàtọ̀ sí Òfin Ìbọn, àkójọ ẹrù tí a kà léèwọ̀ pátápátá wà lọ́wọ́ Àjọ Aṣọ́bodè. Ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ ni ó ṣáájú nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó burú ju ìyókù lọ, bí kò ṣe pé ètò álífábẹ́ẹ̀tì ni ó gbé e síbẹ̀. Inú àkójọ kan náà ni owó ẹyọ wà, tí ó fi hàn bí àwọn apá kan nínú rẹ̀ ti pẹ́ tó. Ohun ìjà tí a ṣe láti fi tu omi tàbí gáàsì olóró wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin tí ó darí iṣẹ́ aṣọ́bodè láti 1958 ni a fi Òfin Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà rọ́pò ní oṣù Igbe 2023. Nínú èyí àtijọ́ àti nínú tuntun, ìjọba lè gba ẹrù tí a kà léèwọ̀, irọ́ pípa nípa ohun tí ó wà nínú ẹrù sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó bá ní ohun ìṣeré tí kò léwu, ṣùgbọ́n tí ó kọ «ohun èlò ilé» sórí ìwé kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu, ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́.

Nọ́ńbà ìsọ̀rí ẹrù

Gbogbo ẹrù tí ó bá wọlé ni a ń fún ní nọ́ńbà láti inú ètò Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé. Nàìjíríà ń lo èyí tí ECOWAS fọwọ́ sí, láti ọdún 2015. Ohun ìṣeré wà ní 9503. Ohun ìjà wà ní orí 93, níbi tí nọ́ńbà 9304 ti jẹ́ ti ìbọn onísípíríǹgì, ti afẹ́fẹ́ àti ti gáàsì. Àlàyé tí ó ṣáájú orí 93 wí kedere pé ohun ìṣeré kò sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ṣe lè mọ ìgbà tí nǹkan kúrò ní ohun ìṣeré. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí nìkan: ẹrù tí ó bá bọ́ sí orí 93 di ohun tí Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fún ní ìwé àṣẹ kí ó tó wọlé, ìwé tí oníṣòwò kékeré kì í rí gbà.

Àdéhùn kan wà tí ó lè ran irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé lórí ìmúrọrùn òwò. Àdéhùn náà ní kí àjọ aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa dáhùn ìbéèrè nípa nọ́ńbà ẹrù kí ẹrù tó kúrò níbi tí ó wà, kí ìdáhùn náà sì de àjọ fúnra rẹ̀. Ó sàn kí ènìyàn béèrè nígbà tí owó ṣì wà lápò ju ìgbà tí kọ̀ǹténà ti gúnlẹ̀ lọ.

Bí ẹrù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò

A lè fi Alákìá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ohun ìṣeré láti Ṣáínà ń gbà wọlé. Apápá, Tin Can, èbúté Lẹ́kí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tàbí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni ó ń gbà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ dé àwọn ọjà bíi Gbági Tuntun, tí kò jìnnà sí Alákìá.

Ọ̀rọ̀ náà «aṣọ́bodè» fúnra rẹ̀ ju èbúté lọ ní ọjọ́ orí. Ibodè ni ẹnu ọ̀nà odi ìlú, oníbodè sì ni ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kọjá. Ìlú Yorùbá kan kò fi èyí ṣeré, ogun sì kọ́ wọn láti máa wo ohun tí ó wà nínú ẹrù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Oníṣòwò kékeré kì í ní ẹrù tí ó kún kọ̀ǹténà. Òun àti àwọn mìíràn ni wọ́n ń pín kọ̀ǹténà kan, ejẹ́ǹtì ni ó sì ń bá wọn kó ìwé jọ. Lára ìwé náà ni Fọ́ọ̀mù M, tí a ń gbà ní báńkì. Ìwé ẹ̀rí SONCAP ti Àjọ Ìwọ̀n àti Ìdíwọ̀n, tí ó ti wà láti 2005 tí ohun ìṣeré sì wà lára àwọn ẹrù àkọ́kọ́ tí ó kàn. Àti ìwé àyẹ̀wò-ṣáájú PAAR, tí aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ ń ṣe láti òpin 2013. Nígbà tí ejẹ́ǹtì bá kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tí ó ni ìbọn ìṣeré lè má mọ ohun tí a kọ nípa ẹrù rẹ̀ rárá.

Àbájáde rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí ẹ̀rọ awòran bá fi àwòrán ìbọn hàn nínú páálí kan, gbogbo kọ̀ǹténà ni yóò dúró, títí kan aṣọ, ìkòkò àti bàtà àwọn ẹlòmíràn. Owó ìdádúró kọ̀ǹténà, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní dẹ́múréèjì, yóò máa gorí ara wọn lójoojúmọ́, owó àyè èbúté pẹ̀lú, yálà ẹni tí ó ni ẹrù jàre tàbí ó jẹ̀bi. Kì í pẹ́ kí iye yìí tó ju iye tí ohun ìṣeré náà jẹ́ lọ. Níbi tí òǹkọ̀wé yìí ti ń wò ó, èyí ni ó ń pa oníṣòwò kékeré lára ju ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ lọ.

Ìdí tí aṣọ́bodè kì í fi í fojú kéré ọ̀rọ̀ náà

Ní oṣù Ọ̀wàrà 2010, àwọn agbófinró ṣí kọ̀ǹténà mẹ́tàlá ní Apápá, tí ìwé wọn wí pé ohun èlò ìkọ́lé ni ó wà nínú wọn. Ohun ìjà ogun láti Ìránì ni wọ́n bá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, a mú ìbọn pump-action 661 ní Mile 2 ní Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ní Apápá lábẹ́ ilẹ̀kùn irin. Kí oṣù Owewe ọdún náà tó parí, a ti mú 440, 1,100 àti 470 mìíràn ní Tin Can, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,671. Ní 2024, ìbọn 844 àti ọta 112,500 ni a rí ní èbúté Onne ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nínú kọ̀ǹténà tí ó wá láti Túrkì, láàárín ilẹ̀kùn àti ohun èlò ilé.

Nínú gbogbo wọn, ìwé ẹrù ni ó purọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àwòrán ìbọn lórí ẹ̀rọ, tí ìwé sì wí pé ohun ìṣeré ni, kò lè gba ìwé gbọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ìfura yìí tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé ẹni tí ó sọ òtítọ́ ni ó ń san owó ìdádúró tí irọ́ ẹlòmíràn fà.

Ìbọn ìṣeré lọ́wọ́ adigunjalè

Àwọn ọlọ́pàá ti mú adigunjalè tí ìbọn ìṣeré wà lọ́wọ́ wọn ní Nàìjíríà lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin tí ó wà fún ìdigunjalè àti ìbọn wí pé ẹni tí ó bá jalè tí ó sì halẹ̀ mọ́ni yóò lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Bí ó bá mú ìbọn tàbí ohun ìjà dání, ikú ni. Lára ohun ìjà tí òfin náà kà ni ìbọn afẹ́fẹ́, ọfà, àdá, kùmọ̀, àti igi, irin, dígí tàbí òkúta èyíkéyìí tí a lè fi ṣe ènìyàn léṣe. Ìbọn ike tí ó fúyẹ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi irin rọ lè bọ́ sábẹ́ «irin». Ẹni tí a nà án sí kò ní àyè láti wò ó fínní.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Òfin Britain ni ó ṣe àlàyé jù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà 2007, ó di ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣe, láti tà, tàbí láti kó ìbọn àfarawé tí ó jọ gidi wọ ilẹ̀ náà, lábẹ́ òfin ìdènà ìwà ipá ti 2006. Èyí tí a bá kùn ní pupa, àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò, ewé, písìkì, àlùkò tàbí búlúù títàn, tàbí tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, kò jọ gidi lójú òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó kéré ju mìlímítà 38 ní gíga àti 70 ní gígùn. Àwòrán ìbọn tí ó ṣáájú 1870 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tíátà, fíìmù àti àwọn tí ń ṣe àfihàn ogun àtijọ́ ní ààyè tiwọn. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ọmọ láti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lábẹ́ òfin kan náà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1988, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, ní kí ìbọn ìṣeré tí ó jọ gidi ní ìdí àwọ̀ ọsàn títàn lẹ́nu kí a tó lè kó o wọlé tàbí tà á. Ní 2009, àwọn aṣọ́bodè gba 30 ìbọn airsoft láti Taiwan ní èbúté Tacoma. Ilé ìtajà kékeré kan ní Oregon ni ó ni wọ́n. Àjọ tí ń bójú tó ìbọn wí pé a lè yí wọn padà sí ìbọn arọ̀jò-ọta, ẹni tí ó ni wọ́n sì jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí àwọ̀ ọsàn náà ṣeé yọ: ní oṣù Bélú 2014, ọlọ́pàá yìnbọn pa Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ní Cleveland, nígbà tí ìbọn airsoft tí kò ní ìdí yìí mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kánádà fòfin de ìbọn àfarawé láti 1998. Japan ní kí a dí ẹnu ìbọn ìléwọ́ onírin tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe, kí a sì kùn ún ní funfun tàbí yẹ́lò, láti 1971. Afghanístàn fòfin de ìbọn ìṣeré ní 2015 lẹ́yìn tí ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, tí ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn, tí ọta ike ṣe léṣe lójú nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Nínú ọkọ̀ òfurufú

Ìlànà ààbò ìrìnnà òfurufú àgbáyé ka ìbọn ìṣeré tí a lè ṣì mú fún gidi mọ́ ohun tí èrò kò gbọ́dọ̀ gbé wọ inú ọkọ̀. Èyí kan èrò tí ó bá gba Alákìá lọ sí Àbújá bí ó ti kan ẹni tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí ń gbé ẹrù kíákíá pẹ̀lú kì í gba àfarawé ohun ìjà rárá, ohunkóhun tí òfin orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ ì báà wí.