A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: Òṣìṣẹ́ àti Ìpinnu Ibi Iṣẹ́, láti Iva Valley títí di Òní

Iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ rélùwéè àti òwò ló gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ìlú Enugu yìí. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe rí àga jókòó sí níwájú agbanisíṣẹ́ rẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ra àga náà, ìlú tí à ń gbé yìí gan-an ni wọ́n sì ti san púpọ̀ nínú owó rẹ̀.

Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní ilẹ̀ Udi. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, rélùwéè sì so Enugu pọ̀ mọ́ Port Harcourt ní 1916. Ìjọba amúnisìn ló ni ibi ìwakùsà náà. Òun ló ń pinnu owó iṣẹ́, òun ló ń pinnu wákàtí iṣẹ́, òun náà ló ń pinnu ẹni tí wọn yóò dá dúró. Ti òṣìṣẹ́ ni pé kí ó gbọ́, kí ó sì ṣe é.

Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan wọ́n gógó lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ara kò gbà á mọ́. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Lẹ́yìn èyí, ní 1948, ìjọba gbé ètò Whitley Council wá sínú iṣẹ́ ọba níhìn-ín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ti ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí J. H. Whitley jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá ní 1917 pé kí aṣojú agbanisíṣẹ́ àti aṣojú òṣìṣẹ́ máa jókòó pọ̀ déédéé, kí wọ́n lè yanjú ọ̀rọ̀ kí ó tó di ìjà.

Àga ti wà, ṣùgbọ́n etí kò tíì sí. Kò ju ọdún kan lẹ́yìn náà lọ tí àwọn awakùsà Enugu fi béèrè owó tí wọ́n gbà pé ìjọba jẹ wọ́n. Nígbà tí wọn kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dẹwọ́ iṣẹ́, èyí tí àwọn Igbo ń pè ní “welu nwayo”. Àwọn ọ̀gá dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, ìjọba sì rán ọlọ́pàá láti wá kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta kúrò. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, ní Iva Valley, ọ̀gá ọlọ́pàá F. S. Philip pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá pẹ̀lú. Ní Èkó, Dókítà Akínọlá Májà ni alága ìgbìmọ̀ tí àwọn olóṣèlú dá sílẹ̀ nítorí ìpànìyàn náà. Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Fitzgerald kalẹ̀, Adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, tí ó wá di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 1958, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1950. Ó fi hàn pé àwọn aláṣẹ mú aáwọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀tẹ̀ òṣèlú ni. Ohun tí ìjókòó pọ̀ ì bá yanjú ni wọ́n fi ìbọn yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ń wa èédú bíi tiwa. Ní Jámánì, ní 1951, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ halẹ̀ pé àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba wọn ṣe òfin pé ní ilé-iṣẹ́ èédú àti irin tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 1,000 lọ, ìlàjì ìgbìmọ̀ tí ń mójútó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́. Ní 1976, wọ́n mú irú òfin bẹ́ẹ̀ dé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí òṣìṣẹ́ wọn ju 2,000 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ṣì lékè díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ìbọn Iva Valley àti òfin ti 1951 yẹn.

Àwa náà kò dúró lójú kan. Ní 1978 ni wọ́n dá Nigeria Labour Congress sílẹ̀, tí Hassan Sunmonu sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1981, owó oṣù tí ó kéré jù di ₦125. Ní 2024, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn láàárín ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́, ó di ₦70,000. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ owó oṣù ni wọ́n sábà máa ń pè wá sí. Òfin ilé-iṣẹ́ wa sọ pé kí àwọn olùdarí máa ro ire òṣìṣẹ́ mọ́ ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n kò fún òṣìṣẹ́ ní àga láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé-iṣẹ́, tàbí tí wọ́n fẹ́ ti ẹ̀ka kan pa, ìròyìn ni a máa ń gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ni ó kù tí a lè ṣe? Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ jẹ́ kí a máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí a sì yan ẹni tí yóò ka ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, tí yóò sì padà wá jábọ̀ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín kí ẹ tó pinnu ohun tí yóò kàn wọ́n. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ó máa mú èrè wá. Ẹgbẹ́ wa kò ní í bàjẹ́ o. Àṣẹ.