Ìgbìmọ̀ tí Ó Di Fóònù: Ìtàn GSM láti Stockholm dé Ìdìròkò

Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ ará ìlú ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, GSM ni gbogbo wa ń pè é. "Ṣé ẹ ti ra GSM?" ni ọ̀rẹ́ ń bi ọ̀rẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa GSM yín" ni wọ́n ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé orúkọ ìgbìmọ̀ kan ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn kó tó di orúkọ ẹ̀rọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọmọ náà lórúkọ: Groupe Spécial Mobile, ìyẹn ìgbìmọ̀ àkànṣe lórí fóònù tó ń rìn. Àwọn ènìyàn kan láti orílẹ̀-èdè tó yàtọ̀ síra jókòó, wọ́n bá ara wọn jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò lé lórí ni à ń gbé sétí títí dòní. Ìtàn ìjókòó yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan àwa náà ju bí a ti rò lọ.

Ẹni tó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì mọ̀ pé kóńgò ibì kan a máa ju kóńgò ibòmíràn lọ. Bí ọ̀rọ̀ fóònù ti rí ní Yúróòpù nìyẹn ní àárín àwọn ọdún 1980. Ìlú Ọba ní TACS tirẹ̀, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní C-Netz, Faransé ní Radiocom 2000, Ítálì náà sì ní èyí tó ń lò. Inú ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń so irú fóònù bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ó tóbi, ó sì wúwo. Oníṣòwò a gbéra ní Hamburg, a máa bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí táyà ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá ẹnubodè Faransé báyìí, fóònù náà di irin lásán. Àwọn ará Àríwá nìkan ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Swídìn, Nọ́wè, Dẹ́ńmáàkì àti Fínlándì ti jọ pinnu ìlànà kan kí ẹnikẹ́ni tó ri òpó mọ́lẹ̀. NMT ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní 1981, ẹni tó ra fóònù ní Stockholm lè lò ó ní Oslo.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí àwọn ará Àríwá yìí dáadáa, nítorí àwọn ni wọ́n kó ọgbọ́n náà wá síta. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní CEPT, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba orílẹ̀-èdè 19 dá sílẹ̀ ní Montreux, ní Swítsàlandì, ní ọdún 1959. Àjọ náà ti ṣe ohun pàtàkì kan kí àwọn ọdún 1970 tó parí: wọ́n ti ya ìgbì rédíò kan sọ́tọ̀ ní agbègbè 900 MHz, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe nǹkan mìíràn, ti fóònù alágbèéká ọjọ́ iwájú ni. Ilẹ̀ ti wà, ilé ni kò tíì sí lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1982, nígbà tí CEPT pàdé ní Vienna, Nẹ́dálándì àti àwọn ará Àríwá dá a lábàá pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò ya àwòrán ilé kan ṣoṣo fún gbogbo Yúróòpù. Bí wọ́n ṣe dá GSM sílẹ̀ nìyẹn.

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní Stockholm ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ènìyàn 31 ló wá, láti orílẹ̀-èdè 11. Thomas Haug ni wọ́n fi ṣe alága, ẹnjiníà ọmọ bíbí Nọ́wè tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba Swídìn, tó sì ti ṣe akọ̀wé fún àwọn tó gbé NMT kalẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi wà lórí àga náà. Èmi kò mọ iṣẹ́ tó gba sùúrù ju èyí lọ: kí ènìyàn máa darí àwọn tí ìjọba wọn àti ilé-iṣẹ́ ìlú wọn ń fa aṣọ wọn láti ẹ̀yìn, kí ó má pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, kí ìjókòó má sì tú ká. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ tíì fẹnu kò bóyá ohùn lásán ni ẹ̀rọ náà yóò máa gbé lọ gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́, tàbí yóò kọ́kọ́ sọ ohùn di nọ́ńbà.

Ní ọdún 1986, wọ́n kó ẹ̀rọ mẹ́jọ lọ sí Paris fún ìdánwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan wá láti ọwọ́ àwọn olùwádìí kéréje kan ní Trondheim, ní Nọ́wè, tiwọn sì ta yọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní oṣù Kejì ọdún 1987, orílẹ̀-èdè 13 nínú 15 fara mọ́ ìlànà ìgbì tóóró, irú èyí tí ará Trondheim gbé wá. Faransé àti Jámánì ní àwọn kò gbà, ìgbì fífẹ̀ ni wọ́n fẹ́, torí ilé-iṣẹ́ tiwọn ti náwó nára sí i. Níbi tí ẹni méjì tó lówó jù lọ láàárín ọjà bá ti kọ̀, ìdìbò kò lè yanjú ọ̀rọ̀. Ó di oṣù Karùn-ún kí àwọn mínísítà Faransé, Jámánì, Ítálì àti Ìlú Ọba tó pàdé ní Bonn. Níbẹ̀ ni Faransé àti Jámánì ti gbà láti ju èyí tí wọ́n ti náwó lé lórí nù, kí ìlànà lè jẹ́ ọ̀kan. Nígbàkigbà tí mo bá ka ìtàn yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí jù.

Kí ni ìgbì tóóró yìí? Ẹ ronú nípa ènìyàn mẹ́jọ tó wà nídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Dípò kí ẹnì kan pọn tirẹ̀ kún kí èkejì tó sún mọ́ ọn, oníkálukú ń gbé ike rẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ fún ìwọ̀n ìpajú, ó fà á kúrò, ó kan ẹlòmíràn, ó tún yí padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi kò dá, ike mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń kún pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn mẹ́jọ ṣe ń pín ojú ọ̀nà kan lórí GSM. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa ń kan fóònù kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 217. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí ariwo gìrìgìrì tí rédíò máa ń ké kí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó dún, ìró ìgbà 217 yẹn gan-an lẹ ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára lórí ìwé kò lè tẹ ènìyàn lọ́wọ́ bí kò bá sẹ́ni tó ṣèlérí láti rà á. Àwọn tó ń ṣe fóònù kò fẹ́ náwó kí òpó tó wà, àwọn tó fẹ́ ri òpó kò sì fẹ́ náwó kí fóònù tó wà. Stephen Temple, òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba, kọ ìwé àdéhùn kan láti tú ìdè yẹn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1987, ní Copenhagen, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti orílẹ̀-èdè 13 buwọ́ lù ú pé ìlànà kan náà làwọn yóò rà, àti pé ọjọ́ kan náà làwọn yóò ṣí i: ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1991. Ọjà tí orílẹ̀-èdè 13 bá jọ ná, ẹni tó ń tà á kò ní lè gbé owó lé e bó ṣe wù ú. Ìdí tí ọ̀wọ́n fóònù fi tán tí aláta àti ọlọ́kadà fi ní tiwọn wà nínú ìwé yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ETSI sílẹ̀ ní Sophia Antipolis, ní gúúsù Faransé, wọ́n sì gbé iṣẹ́ GSM lọ síbẹ̀ ní ọdún 1989. Àkọsílẹ̀ ìlànà náà ju ojú ewé 5,000 lọ.

Ọjọ́ pé. Fínlándì ló kọ́kọ́ mú ìlérí ṣẹ: Harri Holkeri, tó ti ṣe olórí ìjọba wọn rí, pe Kaarina Suonio, igbákejì olórí ìlú Tampere. Níbòmíràn, òpó wà, fóònù ni kò sí, torí àyẹ̀wò tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún fóònù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi sọ́jà kò tíì parí. Ó di 1992 kí ó tó dé ìgboro. Ọdún yẹn náà ni Fínlándì àti Ìlú Ọba ṣe àdéhùn àkọ́kọ́ pé kí oníbàárà ọ̀kan lè lo òpó èkejì. Ọsirélíà wọlé ní 1993, Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1994, wọ́n sì ti tún ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta náà ṣe kí ó lè bá gbogbo ayé mu.

Ìgbà tó kàn wá, NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba Nàìjíríà, kò tíì so ìlà tó 500,000 fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2001, NCC, àjọ tó ń darí ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó mú kí ó yá kíákíá ni pé kò sí ohun tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀dá. Fóònù tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹni gbé wá láti Peckham ní Ìlú Ọba, bí wọ́n bá ti ki síìmù Èkó bọ̀ ọ́, ó dún, nítorí ìgbì 900 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láyé ọjọ́sí náà ni tiwa. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá nígbà náà sábà máa ń dákẹ́, torí Amẹ́ríkà kò sí nínú ìjókòó, ìgbì mìíràn ni wọ́n ń lò.

Ọ̀rọ̀ àwa àti aládùúgbò wa ló wá ń dùn mí. Ní Èkó ni wọ́n ti buwọ́ lu ìwé tó dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní 2007, ní Ouagadougou, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìbánisọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo agbègbè. WATRA, ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń darí iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi Abuja ṣe ibùjókòó. ECOWAS tún ṣòfin lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé fóònù kọjá ẹnubodè. Ìmúṣẹ ló ń falẹ̀. Yúróòpù fòpin sí àfikún owó bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 2017. Ní Ìdìròkò, lẹ́nubodè wa, ìyá oníṣòwò tó ń kọjá lọ sí Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ń lọ sáàárín àwọn tó ń sọ Yorùbá bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ àmàlà, tí oríkì wọn jọra. Òun àti èrò ọjà kì í ṣe àjèjì síra wọn. Síìmù rẹ̀ nìkan ni àjèjì, ìdí nìyẹn tó fi ní láti ní méjì.

Ohun mìíràn tún wà, ó kéré lójú, kò kéré nínú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ṣe ìnáwó nílé wa, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi: "Egbon, gbogbo alejo ti lo. Iya lo ku." Ìjókòó ni mo wà, n kò mọ ìgbà tí mo dìde.

Àtẹ lẹ́tà tí GSM fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ní ojú àyè 128. Àwọn tó jókòó ló fi lẹ́tà wọn kún un. Å àti Ø ti àwọn ará Àríwá wà níbẹ̀, ß ti Jámánì wà níbẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì wà níbẹ̀. Nítorí Ítálì àti Faransé, à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú, kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Bí a bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí sínú àtẹ̀jíṣẹ́, àyè lẹ́tà 160 tó wà níbẹ̀ já sí 70, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ owó ẹyọ kan sì lè di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àtẹ àfikún fún Tọ́kì, Sípéènì, Pọtogí, àti èdè bíi Híńdì, Tàmíìlì àti Úrúdù. Kò sí Yorùbá lára wọn. Nínú àtẹ àkọ́kọ́ yẹn, ènìyàn lè kọ "kù". Kò lè kọ "kú".

Mo pe nọ́ńbà ilé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó dún, ó dún. Ìyá fúnra wọn ló gbé e.