Mọ́tò abẹ́ igi máńgòrò ní Bàrígà: kí ló ń jẹ́ ojúlówó?

Bí ẹnìkan bá gbọ́n nídìí owó, àwọn àgbà Èkó a ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájé Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ ọ́ láti kékeré láì mọ̀ pé ènìyàn gidi ni. Alphaeus Táíwò Olúnáìkè lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ọdún 2012 ló dolóògbé. Alájọ ni. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé ó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn láì kọ ọ́ sílẹ̀, kì í sì í ṣì í san.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ọ̀kan nínú wa mú wa lọ sí àgbàlá wọn ní Bàrígà láti wo mọ́tò tí bàbá wọn àgbà fi sílẹ̀. MGB ni, spọ́ọ̀tì káà oníjókòó méjì tí kò ní òrùlé irin. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, tapólì tó ti ya ni wọ́n fi bò ó. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, adìyẹ sì ti yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri ti dá owó lé e, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òrùlé ilé ń jò, Ìyá àgbà sì fẹ́ fi owó náà tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan tẹ̀ wá láti òkè òkun pé kí wọ́n má tà á, pé ojúlówó mọ́tò 1963 ni. Ẹ̀gbọ́n kejì ní irọ́ ni, pé mọ́tò méjì ni bàbá àwọn so pọ̀ di ọ̀kan.

Yorùbá là ń kọ́, a kì í ṣe mẹ́káníìkì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ní kíláàsì ìtàn náà nìyí: ta ló sọ ọ́, kí ló fi mọ̀, kí ló sì tì í lẹ́yìn?

A bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé. Ikán ti jẹ pátíkúlà mọ́tò náà tán. Rìsíìtì kan ṣoṣo ló kù, 1963 ló wà lórí rẹ̀. Ó dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n a ò lè dúró níbẹ̀. Ìtòsí Ṣómólú là ń gbé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ta ni kò mọ̀ pé ìwé ṣeé tẹ̀? Bí ìwé bá sọ̀rọ̀, ó yẹ kí irin náà jẹ́rìí sí i.

Ni a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní 500,000. A fi ẹ̀rẹ̀ àti omi fọ àwo nọ́ńbà ṣáàsí, lẹ́tà rẹ̀ sì jáde: GHN3. G dúró fún MG, H fún ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, N fún oníjókòó méjì tí kò lórùlé. 3 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe dé 1967. Lẹ́yìn náà la wo ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn àwọn MGB àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí à ń fà. Ní 1965 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí à ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí tí à ń fà ni ti Bàrígà. Ara mọ́tò náà kò lè jẹ́ ti ẹ̀yìn 1965 nìyẹn.

Sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ rántí pé apá òsì ọ̀nà là ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ìjọba tó yí i padà lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Èyí bá ìtàn bàbá mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró, nítorí ènìyàn lè ra tòkunbọ̀ olówọ́ ọ̀tún wọ̀lú lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹ́ńjìnnì ló wá dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ńbà MGB ti 1963 yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18G. Èyí tí a rí ni 18GB, èyí tí kò jáde títí di apá ìparí 1964. Ẹ̀gbọ́n tó ní irọ́ ni pàtẹ́wọ́: “Ẹ ò rí i? Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!”

Ìyá àgbà ò bá a jiyàn. Ó ní ká lọ bá mẹ́káníìkì àgbà kan ládùúgbò. Bàbá náà ò tilẹ̀ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ nọ́ọ̀kì, pé òun gan-an, nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, wà lára àwọn tó gbé òmíràn wọ inú rẹ̀, láti ara mọ́tò kan tó ti ní ìjàǹbá. A ò tíì sọ nọ́ńbà kankan fún un kó tó sọ èyí.

Ṣé mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di ayédèrú? Irú ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990. Mọ́tò Bentley kan tí wọ́n ń pè ní Old Number One ló borí nínú ìdíje Le Mans ní 1929 àti 1930. Wọ́n tún un ṣe léraléra fún eré ìje. Ní 1932 ó ní ìjàǹbá ní Brooklands, Clive Dunfee tó ń wà á sì kú. Wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tó yá, ẹni tó ni ín fẹ́ tà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ẹni tó fẹ́ rà á sì ní kì í ṣe òun mọ́. Adájọ́ Otton gbà pé díẹ̀ ló kù nínú irin 1929. Síbẹ̀ ó dájọ́ pé Old Number One ni, nítorí ìtàn rẹ̀ kò já níbì kankan, kò sì sí mọ́tò mìíràn tó lè jẹ́ orúkọ náà.

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò adájọ́ láti mọ èyí. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ilé yín. Wọ́n ń fi aṣọ tuntun lé e, wọ́n ń yọ èyí tó gbó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè é ní egúngún ilé ẹlòmíràn. Ohun tó ń so ó pọ̀ ni ilé tó ni ín, àti àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ayédèrú ni ẹni tó bá purọ́ nípa ìpààrọ̀ náà.

Ohun tí a kọ fún ẹbí náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Ara mọ́tò yìí jẹ́ ti MGB tí wọ́n ṣe láàrin 1962 sí 1965. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá a wáyé, ẹni tó mọ bó ṣe débẹ̀ sì wà láàyè. Ní ti ọdún 1963 gan-an, British Motor Museum ní Gaydon ló ní ìwé ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́tò, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n òkè òkun ló ń kọ̀wé sí wọn báyìí.

Nígbà tí onírin dé lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá àgbà ní kó gbé fìríìjì tó bàjẹ́ lọ, kó fi mọ́tò sílẹ̀ ná. Wọ́n ṣì lè tà á lọ́la. Alájé Ṣómólú náà ta tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń tà.

Ẹ̀yin ará wa, bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ da nọ́ńbà ṣáàsí kọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó ti mẹ́káníìkì àgbà kí onírin tó dé.