Ọwọ́ Tó Ń Gbẹ̀bí: Ìtàn Ibà Tó Ń Pa Ìyálọ́mọ

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí wa gba àkókò púpọ̀. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀dì tuntun ni ká kọ́kọ́ rà, àwọn kan ní jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ìyá àgbàlagbà kan wá béèrè pé, "Omi ńkọ́?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn lónìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé tiwa. Ìyá tó bí bàbá mi bímọ tán láyọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, òtútù ń mú un gbọ̀n, inú ń run ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ọjọ́ kẹjọ tó yẹ kí wọ́n kó ọmọ jáde ni wọ́n sin ín. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyálé rẹ̀ ni. Wọ́n lé ìyálé náà kúrò nílé, kò sì padà títí tó fi kú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i kà pé irú ibà bẹ́ẹ̀ ní ìtàn, ó sì ní ohun tó ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn. Ọsibítù ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ ti ń bímọ. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló ní. Àwọn dọ́kítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí obìnrin àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló wà ní ẹ̀ka kejì. Ní ọdún 1846, obìnrin 4,010 ló bímọ ní ẹ̀ka kìíní, 459 sì kú. Ní ẹ̀ka kejì, 3,754 ló bímọ, 105 ló kú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn dọ́kítà, ó lé ní 11 nínú 100. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, kò tó 3.

Àṣírí yìí ti tú sígboro. Àwọn aboyún a máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Àwọn mìíràn a bímọ sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọsibítù, ibà náà kì í sì í sábà mú àwọn yẹn. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì kan, Dọ́kítà Ignaz Semmelweis, ẹni ọdún 28, ló ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kìíní nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ló ń pa wọ́n, àmọ́ afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀ka méjèèjì ń mí. Wọ́n ní èrò ló pọ̀ jù, àmọ́ ẹ̀ka kejì ni èrò pọ̀ sí. Wọ́n ní agogo tí àlùfáà ń lù bó bá ń lọ gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ ló ń já àwọn ìyálọ́mọ láyà. Ó ní kí àlùfáà má lù ú mọ́. Ikú kò dẹwọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jakob Kolletschka, ń yẹ òkú wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gún un. Ó ṣàìsàn, ó sì kú. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí lára òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá a mu pẹ̀lú ohun tó ń rí lára àwọn ìyálọ́mọ tó ń kú. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti là. Àwọn dọ́kítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ wá sídìí ẹni tó ń rọbí. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́ lóòótọ́, àmọ́ òórùn òkú kì í tán lọ́wọ́ wọn. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú ní tiwọn.

Ní àárín oṣù karùn-ún ọdún náà, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún láìjẹ́ pé ó fi omi tí wọ́n po chlorine sí fọwọ́. Ní oṣù kẹrin, nǹkan bí 18 nínú 100 ló ti kú. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2. Ní gbogbo ọdún 1848, obìnrin 3,556 ló bímọ ní ẹ̀ka yẹn, 45 péré ló kú.

Ẹ ó rò pé wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀, àbí? Rárá o. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá bínú. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ òun ló pa aláìsàn òun? Òun náà kò sì tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 1861 ni ìwé rẹ̀ tó jáde, ó sì ń bú àwọn tí kò gbà á gbọ́. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ ló kú sí ní ọdún 1865, ẹni ọdún 47, ọgbẹ́ tó kẹ̀ ló sì pa á.

Kì í ṣe òun nìkan ló rí i. Ní ọdún 1795, Dọ́kítà Alexander Gordon ní ìlú Aberdeen ní Skọ́tílándì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fúnra òun ló gbé ibà yìí lọ bá ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹni tó bá lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn gidi ni.

Ní ọdún 1879, Louis Pasteur yà á sójú pátákó níwájú àwọn dọ́kítà ní Paris: kòkòrò àìfojúrí tó so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Streptococcus lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ara òkú nìkan ló ń gbé. Ó lè wà lọ́nà ọ̀fun tàbí lára ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Bí ibi bá ti jáde tán, egbò tútù ni inú ilé ọmọ. Kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1936, Leonard Colebrook fi oògùn Prontosil tí wọ́n ṣe ní Jámánì wo irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní London, ikú sì dínkù. Pẹnisílíìnì ló tẹ̀ lé e. Lónìí, lábù lè gba ẹ̀jẹ̀ ìyálọ́mọ, kí wọ́n wo irú kòkòrò tó hù níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á.

Síbẹ̀, ibà yìí ò tíì lọ. Òun, ẹ̀jẹ̀ dídà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń pa ìyálọ́mọ jù lágbàáyé.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká gbọ́ ti ìyá wa. Kí bẹ́ẹ̀dì àti jẹnẹrétọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí omi máa yọ nínú yàrá ìgbẹ̀bí gan-an, kí ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti oògùn ìfọwọ́ má wọ́n àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, bí ara ìyálọ́mọ bá ń gbóná, ẹ má dúró wádìí ẹni tó ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ìyálé ìyá bàbá mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù láti pè é padà wálé, àmọ́ mo fẹ́ kí ìlú gbọ́ ọ.

Ìlú wa á máa gbèrú o. Àṣẹ.